Bí A Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ìgbésí Ayé Àǹtí Tó Jẹ́ Oníṣòwò, Arìnrìn-àjò àti Ọ̀làwọ́

Nígbà tí àǹtí kan tó ṣòwò, tó rìnrìn àjò, tó sì lawọ́ bá papò dà, ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa rẹ̀ kì í pẹ́ tí yóò fi dọ́gba: wọ́n á ní ènìyàn rere ni, wọ́n á ní aláàánú ni, wọ́n á ní kò sí irú rẹ̀ mọ́. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá bí ní ogún ọdún sí àsìkò yìí kò lè ti inú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn mọ irú ẹni tí ó jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń sọ nípa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó ti lọ. Ohun tó ń jẹ́ kí á mọ ènìyàn lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìṣe rẹ̀ gan-an: ọjà tí ó tà, ìlú tí ó dé, ẹni tí ó ràn lọ́wọ́, ọ̀nà tí ó gbà ràn án lọ́wọ́, àti ohun tí ó kọ̀ láti ṣe. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó bá fẹ́ kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jọ, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí kò bá a pàdé rí yóò fi lè gbà á gbọ́. Èrò tí mo dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rí ṣáájú ìyìn. Bí àǹtí yín bá ṣì wà láàyè, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ẹ ó kà níhìn-ín ṣì wúlò, ìbéèrè yín yóò sì rí ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ jù lọ.

Kí á tó palẹ̀ ilé mọ́

Ìwé ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí ìgbà tí ènìyàn bá kú, àwọn ẹbí á ti pín aṣọ, wọ́n á ti ta àga, wọ́n á sì ti da ohun tí wọ́n kà sí pàǹtí nù, bẹ́ẹ̀ sì ni inú pàǹtí yẹn gan-an ni rìsíìtì, ìwé àkọsílẹ̀ ọjà, lẹ́tà àti ìwé ìrìnnà àtijọ́ máa ń wà. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe ni kí ẹ bẹ ẹni tí ilé wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe da ìwé kankan nù títí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ó yé wọn, nítorí pé ẹni tó bá ń ṣí àpótí olóògbé ní àkókò tí wọ́n ń pín ogún lè di ẹni ìfura. "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ìwé àti fọ́tò nìkan ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, n kò sì ní gbé nǹkan kan jáde láìjẹ́ pé ẹ rí i" jẹ́ gbólóhùn tó ń fi ọkàn àgbà balẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹnì kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tàbí àwọn àbúrò rẹ̀ jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń yẹ ẹrù náà wò; ẹni náà yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí yín, yóò sì tún máa sọ ìtàn bí ó ti ń rí àwọn nǹkan náà.

Ẹ má ṣe yára tú ìwé ká. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tàbí àpótí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ bí ẹ ṣe bá a, nítorí ìtòlẹ́sẹẹsẹ tí olóhun tò ó sí jẹ́ ẹ̀rí fúnra rẹ̀. Bí lẹ́tà kan bá wà nínú àpò ìwé kan náà pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà náà sọ ìdí tí ó fi lọ sí ìrìn àjò ọ̀hún; bí a bá kó gbogbo lẹ́tà sọ́tọ̀, tí a sì kó gbogbo tíkẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀, ìdí náà ti bọ́ sọnù nìyẹn. Ẹ fún àpò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kí ẹ sì kọ ibi tí ẹ ti rí i sínú ìwé kan.

Ti fóònù rẹ̀ ń kọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n pa ìlà fóònù náà rẹ́ ní kánmọ́kánmọ́, torí pé orí ìlà yẹn ni nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí àpamọ́ fọ́tò àti lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wọlé sí. Àwọn tí òfin mọ̀ sí àrólé rẹ̀ nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí i. Bí ẹ kò bá sí lára wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín mú àwọn fọ́tò jáde, kí ẹ má sì bèèrè fún ju ìyẹn lọ.

Kí á fi ọdún sí ìrìn àjò rẹ̀

Ẹbí máa ń rántí ìlú tí arìnrìn-àjò lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà rántí ọdún. Ìwé ìrìnnà ni ó lè bá yín yanjú èyí, bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń kà á. Físà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó dé ìlú kan. Ìyọ̀ǹda lásán ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì gba físà tí kò rìn mọ́. Òǹtẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ibodè ni ẹ̀rí pé ó wọlé tàbí pé ó jáde, kí ẹ sì wá méjèèjì láti mọ iye ọjọ́ tí ó lò. Ẹ ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́: ní Amẹ́ríkà, oṣù ni ó máa ń ṣáájú, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn máa ń fi ọjọ́ ṣáájú, nítorí náà 03/04 lè jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kẹrin tàbí ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé ìwé ìrìnnà kì í sọ gbogbo ibi tí ènìyàn dé. Láti ọdún 1995 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó kọ́kọ́ mú àdéhùn Schengen ṣẹ ti dáwọ́ yíyẹ ìwé wò dúró ní ibodè àárín ara wọn, àwọn mìíràn sì ti darapọ̀ mọ́ wọn láti ìgbà náà wá. Ẹni tó bá gba òǹtẹ̀ ìwọlé ní Paris, tí ó sì gba ti ìjáde ní Milan, lè ti sùn ní ìlú mẹ́rin mìíràn tí òǹtẹ̀ kankan kò fi hàn.

Orúkọ orílẹ̀-èdè náà máa ń sọ ọjọ́ orí ìwé fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Orílẹ̀-èdè Benin kò tíì gba orúkọ yẹn títí di òpin oṣù Kọkànlá ọdún 1975. Dahomey ni wọ́n ń pè é. Upper Volta di Burkina Faso ní oṣù Kẹjọ ọdún 1984. Láti ọdún 1971 títí di 1997, Zaire ni orúkọ Kóńgò tí Kinshasa jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Rhodesia di Zimbabwe ní oṣù Kẹrin ọdún 1980, Jámánì méjèèjì di ọ̀kan ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún 1990, Czechoslovakia sì pín sí méjì ní ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1993. Bí ẹ bá rí káàdì tí ó fi ránṣẹ́ láti "Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì", tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ara rẹ̀ sì ti parẹ́, ẹ ti mọ̀ pé kò lè jẹ́ lẹ́yìn ọdún 1990 ni ó kọ ọ́. Owó náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 2002 ni owó bébà àti owó ẹyọ euro bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ ará ìlú, nítorí náà rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ ní mark Jámánì tàbí lira Ítálì ti ṣáájú rẹ̀, tàbí kí ó bọ́ sí oṣù díẹ̀ tí wọ́n fi pààrọ̀ owó. Ti francs ni kí ẹ fura sí. Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Switzerland àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ni wọ́n ti ná owó tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ kò sì dọ́gba rárá.

Ìwé pélébé tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ òfuurufú sábà máa ń ní ọjọ́ àti oṣù láìní ọdún. Bí ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ bá wà lára ìwé kan, ọ̀nà wà láti dín àwọn ọdún tó lè jẹ́ kù, torí pé ọjọ́ oṣù kan kì í bọ́ sí ọjọ́ ọ̀sẹ̀ kan náà ní gbogbo ọdún. Ọdún 5, 6 tàbí 11 ni ó sábà máa ń wà láàárín ìgbà kan sí èkejì. Ẹ wo kàlẹ́ńdà àwọn ọdún tí ẹ fura sí, ẹ ó sì rí i pé ọdún méjì tàbí mẹ́ta péré ni yóò ṣẹ́ kù. Ní ti fọ́tò, nọ́ńbà aláwọ̀ ọsàn tí àwọn kámẹ́rà kan máa ń tẹ̀ sí igun àwòrán kì í ṣe ohun tí a ń gbà gbọ́ láìwádìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í ṣe àtúnṣe aago inú kámẹ́rà wọn. Fọ́tò orí fóònù máa ń ní ọjọ́ àti àkókò nínú, nígbà mìíràn ó máa ń ní ibi tí wọ́n ti yà á pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi WhatsApp fi í ránṣẹ́ bí a ṣe máa ń fi àwòrán ránṣẹ́, àlàyé yẹn kì í bá a dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ bèèrè fún ojúlówó fọ́tò náà lọ́wọ́ ẹni tó yà á.

Bí ẹ bá ti ń rí ọdún, ẹ máa kọ ọ́ sínú ìlà mẹ́rin: ọdún, ìlú, ẹ̀rí tí ẹ ní, àti bí ó ṣe dá yín lójú tó. Ìlà kẹrin yẹn ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn ẹbí máa ń fò, mo sì kà á sí ìlà tó ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn yín mọ ibi tí ẹsẹ̀ ilé ti mì.

Òwò rẹ̀

Àwọn Yorùbá ní ìdí iṣẹ́ ẹni la ti ń mọni lọ́lẹ. Ibẹ̀ náà la ti ń mọ akíkanjú. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ìtàn ìgbésí ayé obìnrin oníṣòwò, gbólóhùn kan péré ni wọ́n máa ń fún òwò rẹ̀, wọ́n á ní "ó bẹ̀rẹ̀ òwò, Ọlọ́run sì bùkún un", wọ́n á sì kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni ó lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹ wádìí ibi tí owó ìbẹ̀rẹ̀ ti wá, ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́, ọjà tí ó kọ́kọ́ tà àti ìdí tí ó fi kúrò nídìí rẹ̀, bí ó ṣe ń mọ iye tí yóò dá lé ọjà, ẹni tí ó fọkàn tán láti gbé owó lé lọ́wọ́, bí ó ṣe ń kó ẹrù láti ibi kan dé ibòmíràn, àti ọdún tí nǹkan bàjẹ́. Ọdún àdánù kì í ṣe ohun ìtìjú tí a ń fi pamọ́. Ẹni tó gbé ọjà tó jóná, tàbí ọjà tí owó rẹ̀ já lulẹ̀ kí ó tó dé èbúté, tí ó sì tún dìde, ìtàn rẹ̀ kò pé bí a bá yọ ìdìde náà sílẹ̀, kò sì sí bí a ó ṣe sọ ìdìde bí a kò bá sọ ìṣubú.

Ìwé àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ ni orísun tó níye lórí jù. Ẹ jẹ́ kí á wo irú ojú ewé kan tí ẹ lè bá pàdé. Orúkọ wà ní apá òsì, iye owó wà ní apá ọ̀tún, àwọn tó ti san ní ọjọ́ ìsanwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀, orúkọ kan wà tí ó fi bírò fa ìlà gbọọrọ lé lórí láìkọ ọjọ́ kankan sí i, yíǹkì ìlà náà sì yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ó lè jẹ́ pé ó dárí gbèsè náà ji ẹni náà ni, ó lè jẹ́ pé wọ́n san án níbòmíràn, ó sì lè jẹ́ pé onígbèsè náà ti kú. Ìfẹ́ tí ẹ ní sí i yóò máa tì yín láti gba ti àkọ́kọ́. Ẹ dúró ná. Ẹ wò ó bóyá orúkọ kan náà tún jẹ yọ ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e, ẹ bi akọ̀wé rẹ̀ tàbí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ bá rí. Bí irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá pọ̀, tí àwọn tó mọ̀ sì jẹ́rìí sí i pé ìdáríjì ni, ẹ ti ní ẹ̀rí ìlawọ́ tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ iye owó ìgbà náà, ẹ má ṣe fi ìṣirò yí i padà sí owó òní, nítorí ìṣirò bẹ́ẹ̀ máa ń tètè di àṣìsọ. Ohun tí iye náà lè rà nígbà náà ni kí ẹ sọ: bóyá owó oṣù olùkọ́ mélòó ni, tàbí owó ilé ọdún mélòó. Kí ẹ sì rí i pé ẹ bá ẹni tí kì í ṣe ẹbí sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá a du oníbàárà lè mọ ìwà rẹ̀ nídìí òwò ju àbúrò rẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ rere láti ẹnu irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì wúwo.

Bí a ṣe ń bèèrè nípa ìlawọ́

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti nira jù, ibẹ̀ náà ni ó sì ti dùn jù. Ọ̀làwọ́ tòótọ́ kì í kọ ohun tí ó fi tọrẹ sílẹ̀, ẹni tó gbà á sì lè má fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun nílò rẹ̀ rí. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn tó ràn lọ́wọ́ ni ìtàn náà wà, ìtìjú sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá bi ẹnì kan pé "Ṣé àǹtí wa ràn yín lọ́wọ́ rí?", bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò dá yín lóhùn, ó sì lè ṣe é bí ẹni pé ẹ wá gba gbèsè. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ní dójú tì í: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni iṣẹ́ yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n?" "Kí ni wọ́n sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ lọ sí ilé wọn?" "Lẹ́yìn ìgbà náà, kí ni wọ́n ń bi yín bí wọ́n bá tún rí yín?" Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí máa ń ṣí nǹkan payá, nítorí pé ó ń fi hàn bóyá ẹni tó fúnni ní nǹkan ń tọpa bí ẹni náà ṣe ń ṣe sí, bóyá ó ń rán an létí oore, tàbí bóyá kò tún mẹ́nu kàn án mọ́.

Ọ̀nà tí ó gbà ń fúnni ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe iye tí ó fúnni nìkan. Ṣé owó ni ó máa ń fúnni ni, àbí ọjà àwìn tí ènìyàn yóò fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó máa ń bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ṣé ó máa ń san owó ilé ìwé tààrà fún ilé ìwé, àbí ó máa ń fi lé òbí lọ́wọ́? Ṣé ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti máa ń ṣe é, àbí ní kọ̀rọ̀? Kí ẹ sì bèèrè nípa ẹni tí ó sọ fún pé rárá. Ọ̀làwọ́ tí kò kọ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni rí kò wọ́pọ̀, ìdí tí ó fi kọ̀ sì máa ń fi òye rẹ̀ hàn: bóyá ó kọ̀ láti yá ẹni tó kọ́kọ́ purọ́ fún un lówó, ṣùgbọ́n tí ó ń bọ́ àwọn ọmọ ẹni náà láìsọ fún un. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni òǹkàwé kì í gbàgbé.

Ẹ gba ìyọ̀ǹda lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ tó gba ohùn ẹni náà sílẹ̀. Ìkejì ni lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún un, kí ó sì sọ bóyá kí orúkọ òun wà níbẹ̀ tàbí kí ẹ yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ni yóò ní kí ẹ fi orúkọ àwọn sí i tayọ̀tayọ̀. Ti ẹni tó bá kọ̀, ẹ kọ ìṣe náà láìdárúkọ, kí ẹ sì yí ohun tó lè tú u fó padà sí gbólóhùn gbogboogbò, bíi "ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan", láìpurọ́. Bí ẹni náà bá ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ bi, torí pé wọ́n lè má mọ̀ pé owó àǹtí yín ni wọ́n fi kàwé, orí ìwé tí a tẹ̀ kọ́ sì ni ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ìjókòó pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ ọ́n

Àwọn tó dàgbà jù àti àwọn tí ara wọn kò le ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Fóònù lásán tó láti gba ohùn sílẹ̀, bí ẹ bá dí ìpè rẹ̀ kí ó má baà dún, tí ẹ gbé e sórí aṣọ tí a ká nítòsí ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí ẹ sì pa fáànù àti rédíò. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sọ orúkọ yín, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti ibi tí ẹ wà kí ó wọ inú ohùn náà. Ẹ mú fọ́tò dání, nítorí ojú máa ń rántí ohun tí ẹnu kò ní lè sọ bí a bá kàn bèèrè. Bí ó bá dákẹ́, ẹ má ṣe já lu ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ sábà máa ń jáde. Wákàtí kan àbọ̀ ti tó fún àgbà. Ẹ ṣe tán láti padà lọ.

Àwọn onímọ̀ nípa ìrántí ti ṣàkíyèsí pé àgbàlagbà sábà máa ń rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín nǹkan bí ọmọ ọdún 10 sí 30 wọn ju ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárín ìgbésí ayé wọn lọ. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún iṣẹ́ yín ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ púpọ̀ nípa ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, wọ́n sì lè má ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọdún tí òwò rẹ̀ gbilẹ̀ jù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, ni kí ẹ lọ bá fún ọdún wọ̀nyẹn, kí ẹ sì gbára lé ìwé.

Bí ẹni méjì bá sọ ohun kan náà lọ́nà méjì, ẹ rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ kọ méjèèjì, kí ẹ sì sọ ẹni tó sọ èyí àti ẹni tó sọ tọ̀hún. Mo fẹ́ràn ojú ewé tó sọ pé "àbúrò rẹ̀ ní ọkọ̀ ojú omi ni ó wọ̀, ọmọ rẹ̀ ní ọkọ̀ òfuurufú ni" ju èyí tó fi ìgboyà yan ọ̀kan láìní ẹ̀rí lọ.

Títọ́jú ohun tí ẹ rí

Rìsíìtì orí bébà tó ń dán, irú èyí tí ẹ̀rọ kékeré máa ń fi ooru tẹ̀ jáde, máa ń parẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i. Ẹ má ṣe fi téèpù lẹ lẹ́tà tó ya. Etí fọ́tò ni kí ẹ máa dì mú, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù tó rọ̀ kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé bírò máa ń hàn sí iwájú. Álúbọ́ọ̀mù tí ojú ewé rẹ̀ ní gọ́ọ̀mù máa ń ba fọ́tò jẹ́ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Bí fọ́tò náà kò bá sì ṣeé yọ, ẹ ya àwòrán rẹ̀ níbi tí ó wà dípò kí ẹ fi agbára fà á. Nígbà tí ẹ bá ń fi skánà yà á sínú kọ̀ǹpútà, 300 dpi (ìyẹn iye àmì tó-tò-tó tí skánà ń kà nínú ínǹṣì kan) tó fún ìwé, ṣùgbọ́n fọ́tò kékeré nílò 600. Bí ẹ bá rí kásẹ́ẹ̀tì tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ eyín ike kékeré méjì tó wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Ẹ ní ẹ̀dà mẹ́ta ohun gbogbo, lórí irú ìpamọ́ méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ilé ẹlòmíràn.

Kíkọ ọ́

Kò pọn dandan kí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó ti ń ṣe ohun tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, bí àpẹẹrẹ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ẹrù ń dé, kí ẹ tó padà sí ìgbà èwe rẹ̀. Mo gbà yín ní ìmọ̀ràn pé kí ẹ pín in ní ìlú-ìlú tàbí ní ọjà-ọjà, torí pé ìgbésí ayé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í tò ní ọdún-ọdún. Lẹ́yìn tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ wá gbogbo ibi tí ẹ ti kọ "aláàánú", "ọ̀làwọ́" tàbí "akíkanjú", kí ẹ sì wò ó bóyá ìṣe kan tẹ̀ lé e. Bí ìṣe bá wà, ọ̀rọ̀ ìyìn náà kò wúlò mọ́, ẹ yọ ọ́. Bí kò bá sí, ẹ padà lọ wá ìṣe náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ kọ bí ó ṣe sọ ọ́, àní bí ó bá tilẹ̀ le, bí ẹni méjì bá lè jẹ́rìí sí i.

Lẹ́tà ní òfin tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹni tó kọ lẹ́tà ni ó ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Lẹ́tà tí àwọn ènìyàn kọ sí àǹtí yín, ẹ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tí òun kọ sí àwọn ẹlòmíràn, àwọn àrólé rẹ̀ ni kí ẹ bi. Bí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ìwé ìrìnnà rẹ̀ sínú ìwé, ẹ bo nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ má sì fi nọ́ńbà àpò ìkówópamọ́ tàbí àdírẹ́sì ilé tí ẹbí ṣì ń gbé hàn, nítorí àwọn olè máa ń lo orúkọ òkú láti gba owó. Ẹ má ṣe kọ àìsàn rẹ̀ àti aáwọ̀ inú ẹbí sínú rẹ̀, àfi bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ kí ó wà níbẹ̀. Orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó jáde.

Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ fún àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀ ní àkọsílẹ̀ náà kà, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan ṣoṣo ní agbára láti pinnu ohun tí yóò wà níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹbí yóò máa ṣàtúnṣe rẹ̀ títí láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ parí rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tàbí àdírẹ́sì tí ènìyàn lè fi kàn sí yín síbẹ̀, nítorí láàárín oṣù tí ìwé náà bá dé ọwọ́ àwọn ènìyàn ni ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí yóò pè láti sọ ohun tí àǹtí yín ṣe fún ìyá rẹ̀. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ṣe gba ti àwọn yòókù, kí ẹ fún un ní nọ́ńbà nínú àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ fún ìgbà tí ẹ ó bá tún ìwé náà tẹ̀.